Ìkíni Tó Ba Ẹ̀jẹ̀ Mi Jẹ́

Ọjọ́ kan wà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi láéláé: ọjọ́ tí mo fojú ara mi rí i pé ẹ̀jẹ̀ mi ti bàjẹ́. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ní yunifásítì ní Johannesburg níbí ni pé kí n mọ bí ìtànṣán díẹ̀, irú èyí tó wà nínú ẹ́síréè, ṣe ń já DNA inú ẹ̀jẹ̀ èèyàn. A ó pín ẹ̀jẹ̀ sí méjì, a ó tan ìtànṣán sí ọ̀kan, a ò ní fọwọ́ kan èkejì. A ó wá tẹ́ wọn sórí gíláàsì pẹlẹbẹ, a ó sì fi iná mànàmáná fà wọ́n. Lábẹ́ maikirosíkóòpù, sẹ́ẹ̀lì tí ara rẹ̀ dá máa ń rí roboto; èyí tí DNA rẹ̀ ti já máa ń yọ ìrù. Òfin tó le jù níbẹ̀ ni pé gíláàsì yẹn ò gbọ́dọ̀ rí oòrùn, torí oòrùn náà ń já DNA.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, ẹni tó yẹ kó fún wa lẹ́jẹ̀ ò wá, ni mo bá lo tèmi. Mo ti tẹ́ ẹ tán nínú yàrá tó ṣókùnkùn nígbà tí Màámi fi fídíò pè mí láti Iléṣà. Wọ́n ní àwọn fẹ́ rí iṣẹ́ tí ọmọ àwọn ń ṣe. Kí àyà wọn má baà já, mi ò mú èyí tí a tan ìtànṣán sí, èyí tó mọ́ ni mo mú. "Ọkọ mi, òkùnkùn ni mò ń rí," ni wọ́n wí. Bí mo ṣe gbé gíláàsì lọ sójú fèrèsé nìyẹn, tí oòrùn ọ̀sán ń ràn yòò.

Mo rò pé kò ní pẹ́. Àṣé Màámi ti pe Ìyá Díákónì, àgbà ṣọ́ọ̀ṣì wọn, àti télọ̀ ẹ̀gbẹ́ ilé wá síbi fóònù. Ta ni yóò pa fóònù mọ́ Ìyá Díákónì lẹ́nu? "Dókítà wa, ṣé àlàáfíà lo wà? Òtútù ibẹ̀ ńkọ́? Ṣé o máa ń rí gaàrí jẹ?" Mò ń dáhùn, mò ń tẹríba fún fóònù, gíláàsì wà lọ́wọ́ mi kejì nínú oòrùn. Télọ̀ náà kí mi dáadáa, ó sì béèrè ìgbà tí màá gbéyàwó. Nígbà tí wọ́n fi mí sílẹ̀, mo padà sínú òkùnkùn mi, mò ń bá iṣẹ́ lọ bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan.

Lọ́jọ́ kejì, mo wo maikirosíkóòpù. Ẹ̀jẹ̀ tí a tan ìtànṣán sí, ìrù rẹ̀ kò tó nǹkan. Èyí tí a ò fọwọ́ kàn, ìrù ló kún ibẹ̀. Èmi ọ̀mọ̀wé, mi ò rántí fèrèsé rárá, mi ò sì rò ó pé ẹ̀jẹ̀ kan náà ni méjèèjì. Ohun tí mo rò ni pé àìsàn burúkú kan ti wà lára mi tipẹ́, ẹ̀rù ikú sì bà mí gan-an.

Mo sọ fún Sístà Bọ́lá, akáńtáǹtì tí a jọ háyà ilé ní Bertrams, pé ẹ̀jẹ̀ mi ti já. "Ẹ̀jẹ̀ ṣe máa já? Abeg, jókòó jàre." Ó wọ taxi lọ sí ọjà Yeoville, ó ra ẹ̀fọ́ ugu, ó lọ̀ ọ́ mọ́ mọ́ọ̀tì, ó sì dúró tì mí títí mo fi mu ún tán. Mo tún lọ ṣe àṣìṣe kejì: mo sọ fún Màámi. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ lójú ẹsẹ̀, wọ́n ní kí n kó ẹrù mi máa bọ̀ nílé.

Mo bá lọ dágbére fún ọ̀gá mi, obìnrin ọmọ Gúúsù Áfíríkà kan. Mo ti dé ibi tí mo ti ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fi iṣẹ́ mi fún ẹlòmíì nígbà tí wọ́n bi mí pé, "Níbo ni gíláàsì yẹn wà kí o tó fi iná fà á?"

Ohùn mi rẹlẹ̀. "Ojú fèrèsé, mà."

"Títí dìgbà wo?"

"Títí wọ́n fi kí mi tán."

"Eish," ni wọ́n wí, bí àwọn ará ibẹ̀ ṣe máa ń kígbe tí nǹkan bá yà wọ́n lẹ́nu. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú wọn. A tún fa ẹ̀jẹ̀ mìíràn lára mi, a ṣe é nínú òkùnkùn, gbogbo sẹ́ẹ̀lì mi sì rí roboto. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé pé ó yẹ kí ojú tì mí.

Ó wá ku Màámi. Nígbà tí mo ṣàlàyé tán, wọ́n bi mí pé, "Ṣé àwa tí a kí ẹ la bà á jẹ́ ni?" Mo ní oòrùn ló bà á jẹ́. Wọ́n mí kanlẹ̀. "Ó dáa. Láti òní lọ, tí mo bá pè ẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, má kí mi rárá."

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé inú báàgì ni kí fóònù máa wà. Nínú gbogbo ohun tí mo ti wọ̀n ní láàbù yẹn, mi ò tíì rí ìtànṣán tó ba DNA jẹ́ tó ìkíni àwọn ará ilé mi. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Màámi pè bí mo ṣe fẹ́ wọlé. Mo ṣe bí wọ́n ṣe wí. Mo ní, "Màámi, mò ń wọ láàbù báyìí, màá pè yín padà."

Wọ́n ní, "Àní 'Ẹ káàárọ̀, mà' lásán, ẹnu ẹ ò lè sọ ọ́?"

Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà láàbù, mo fi ara mi rẹ́rìn-ín, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kí wọn.