Bàálù Onípẹ́dà Maṣíìnì

Iṣẹ́ aránṣọ ni obìnrin yìí ń ṣe. Ọkọ rẹ̀ ń kun ilé ní ọ̀dà, ìyẹn lọ́jọ́ tó bá wù ú. Ìrọ̀lẹ́ òní ni ìyá kan tó jẹ́ ọ̀gá iléèwé ń bọ̀ wá kó yunifọ́ọ̀mù àwọn ọmọ iléèwé rẹ̀. Bí kò bá sì bá aṣọ náà nílẹ̀, ọ̀dọ̀ aránṣọ mìíràn ni yóò gbé iṣẹ́ náà lọ, ó parí nìyẹn. Aránṣọ jókòó ti maṣíìnì, ó na ẹsẹ̀ kó tẹ pẹ́dà tí í mú abẹ́rẹ́ sáré. Ilẹ̀ lásán ni ẹsẹ̀ rẹ̀ bá. Kò bi ẹnikẹ́ni, ó mọ olè ilé rẹ̀. Yàrá ẹ̀yìn ló gbà lọ tààrà.

Ọkọ rẹ̀ rèé lórí àga mọ́tò àlòkù. Pákó yí i ká dé àyà, ó de bẹ́líìtì mọ́ra gírígírí bí ẹni ń lọ òkè òkun. Tẹlifíṣàn wà níwájú rẹ̀, géèmù wíwa bàálù ló wà nínú rẹ̀, ìkùukùu ń sá kọjá.

“Bàbá àwọn ọmọ, pẹ́dà mi dà?”

“Rọra sọ̀rọ̀. Àwọn èrò ń sùn.”

“Èrò wo?”

“Èrò inú bàálù. A ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéra ni.”

Aránṣọ wo yàrá yíká. “Èmi ò rí èrò kankan o. Ọmọńlé kan ni mo rí lára ògiri, òun náà ń wò yín tìyanu-tìyanu.”

“O ò lè mọ̀. Ṣé o mọ ohun tí àwọn olówó ń ná kí wọ́n tó ní irú èyí nílé? Èmi rèé, mo fọwọ́ ara mi kàn án, kò ná mi ní nǹkan kan!”

“Báwo ni yóò ṣe ná yín ní nǹkan kan? Ìdérí ìkòkò mi kọ́ lẹ kàn mọ́ pákó yẹn?”

“Aago gíga nìyẹn. Òun ló ń sọ bí a ṣe ga tó lókè.”

“Ìkòkò mi wà níhòòhò, àwo ni mo fi ń bò ó, ìdérí rẹ̀ ń fò lókè! Igi mọ́ọ̀pù mi yẹn ńkọ́?”

“Ọ̀pá ìdarí ni. Bí mo bá ti fà á báyìí, imú bàálù á gbé sókè.”

“Ẹ fà á kó gbé yín dé ọjà, kẹ́ ẹ bá mi ra òmíràn bọ̀. Mo ní pẹ́dà mi dà?”

“Abẹ́ ẹsẹ̀ mi níbí. Òun ló ń fún ẹ́ńjìnnì lágbára. Bí a bá ti balẹ̀, màá fún ẹ.”

“Ìgbà wo lẹ máa balẹ̀?”

Ọkùnrin náà húkọ́ díẹ̀. “Ibẹ̀ gan-an ni mi ò tíì kọ́ dé.”

“Kí lẹ wí?”

“Gbígbéra ni mo mọ̀. Lánàá, inú òkun ni mo balẹ̀ sí.”

“Àwọn èrò ńkọ́?”

“Ká fi ìyẹn sílẹ̀.”

Aránṣọ pàtẹ́wọ́. “Ẹ gbà mí o! Ẹ̀yin tí ẹ kì í kun àjà, torí pé òòyì ń kọ́ yín lórí àkàbà! Ìdajì ògiri lẹ kùn fún oníbàárà yín, ẹ ní àrà tuntun ni. Ẹ̀yin náà lẹ wá ń fò?”

“Àkàbà yàtọ̀. Àkàbà ò ní bẹ́líìtì.”

“Ẹ dìde níbẹ̀!”

“Èèwọ̀! Òfin bàálù ni. Ẹnikẹ́ni kì í dìde lórí ìjókòó rẹ̀, àfi bí ọkọ̀ bá balẹ̀, tó sì dúró pátápátá.”

Aránṣọ kúnlẹ̀, ó ki ọwọ́ bọ abẹ́ pákó. Ọwọ́ rẹ̀ ò tó o. Ẹni tó bá jókòó sórí àga yẹn nìkan ni ọwọ́ rẹ̀ lè dé ibẹ̀. Inú bí i débi pé omi lé sí i lójú.

“Ẹ mọ bí mo ṣe bẹ ìyá yẹn tó kó tó gbéṣẹ́ yìí fún mi. Oúnjẹ ọmọ yín lẹ fi ṣe bàálù yìí o!”

“Má bínú. Atẹ́gùn lókè yìí ò dáa rárá, mò ń gbìyànjú kí n…” Ó fún itan pọ̀ lójijì.

“Kí ló dé?”

“Ìtọ̀ ń gbọ̀n mí.”

Ó tẹ ìdè bẹ́líìtì, kò ṣí. Ó fà á, ó gbá a, ó gé e jẹ. Ńṣe ni bẹ́líìtì tún ń fún un mọ́ àga.

“Níbo lẹ ti rí bẹ́líìtì yẹn ná?”

“Lórí ààtàn mẹkáníìkì. Wọ́n fẹ́ sọ ìdí tí wọ́n fi jù ú nù, mi ò dúró gbọ́. Jọ̀ọ́, mú sísọ́ọ̀sì ẹ wá, gé e.”

“Sísọ́ọ̀sì tí mi ò jẹ́ kí ọmọ tí mo bí fi gé ìwé? Aṣọ nìkan ló ń gé. Ẹ kọ́kọ́ na pẹ́dà mi wá.”

“Àwọn èrò ńkọ́?”

“Ẹ ní kí wọ́n máa lúwẹ̀ẹ́.”

Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó tú wáyà, ó na pẹ́dà jáde. Nínú tẹlifíṣàn, bàálù dorí kodò, ó kọrí sí òkun. Aránṣọ gba pẹ́dà rẹ̀, ó fi etí aṣọ nù ún, ó bọ́ síta.

“Sísọ́ọ̀sì dà? Níbo lò ń lọ? Ìyá àwọn ọmọ! Ìtọ̀ o!”

Maṣíìnì bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo ní yàrá iwájú. Ohùn aránṣọ gba orí rẹ̀ wọlé, ó dùn bí oyin.

“Ẹ fara balẹ̀, olówó orí mi. Ẹnikẹ́ni kì í dìde lórí ìjókòó rẹ̀, àfi bí ọkọ̀ bá balẹ̀, tó sì dúró pátápátá. Tèmi ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéra ni.”