Géèjì Ọkọ̀ Tó Gbé Bàbá Ọ̀gúnṣínà

Ṣé òwe tí ẹ ń pa wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ yìí, pé ibi tí a fojú sí, ọ̀nà ò gbabẹ̀, ẹ mọ ibi tó ti ṣẹ̀? Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé òwe náà ti wà kí wọ́n tó bí mi, ẹ ní kó wá bá mi. Mo wà nínú ọkọ̀ náà. Èmi àti òkú la jọ wà lẹ́yìn.

Ìsẹ́yìn ni mo ti dá wọn dúró. Ọkọ̀ àtijọ́ gbọọrọ kan ni, Làtúndé ló ń wà á. Wọ́n ń gbé Bàbá Ọ̀gúnṣínà lọ sin sí abà rẹ̀. Ìyàwó bàbá jókòó níwájú, Àjàgbé, àkọ́bí wọn, wà láàrin, èmi sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pósí. Ẹni tó wọ ọkọ̀ ọ̀fẹ́ kì í yan àga. Bí a bá ti bọ́ sí kòtò, pósí á dún kọ̀, kọ̀, bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn.

Àjàgbé ò yé wo oòrùn. Wọ́n ti gbẹ́ sàréè sílẹ̀, wọ́n sì ní sàréè kì í lajú sílẹ̀ sùn. Bí ilẹ̀ bá ṣú tí ẹni tó ni ín kò dé, yóò pe ẹlòmíràn. Bẹ́ẹ̀, Àjàgbé ni wọ́n ní kó dùbúlẹ̀ lánàá kí wọ́n fi gíga rẹ̀ wọn ibi tí wọn yóò gbẹ́, nítorí òun àti bàbá rẹ̀ ga bákan náà.

"Ó wọ̀ mí dáadáa," ó sọ fún mi. Kò rẹ́rìn-ín.

Ọyẹ́ ti bo ọ̀nà. Igi tó wà níwájú dà bí ènìyàn tó dúró de ni. A yà sọ́tùn-ún sí ọ̀nà abà, ni abẹ́rẹ́ géèjì tó ń sọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná bá fò sókè, ó lọ fẹ̀yìn ti ibi pupa.

"Ó ti hó!" Làtúndé dúró lójú ẹsẹ̀, táyà ṣì kọjú sọ́tùn-ún. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó gbọ́wọ́ lé ẹ́ńjìnnì. "Èyí ò gbóná tó ẹ̀kọ àárọ̀."

"Sẹ́nsọ̀ ló kú," ni Àjàgbé wí.

"Ẹ jọ̀ọ́, bọ̀dá, ẹ má dárúkọ ikú."

Làtúndé fa wáyà sẹ́nsọ̀ náà yọ, ó padà wọ ọkọ̀. Abẹ́rẹ́ ṣì wà lórí pupa. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Wáyà yẹn ló ń gbé ìròyìn ẹ́ńjìnnì wá fún géèjì. Mo ti yọ ọ́. Ta ló wá ń sọ fún un?"

Gbogbo wọn yíjú padà, wọ́n wo pósí. Mo fẹ́ sún díẹ̀, kò sí ibi tí mo lè sún sí.

"Màámi," ni Àjàgbé wí, "Bàbá ò fẹ́ lọlé."

Làtúndé yí sítíárìn sósì kó lè fẹ̀yìn rìn. Abẹ́rẹ́ rọra sùn sílẹ̀. Lápá òsì, ọ̀nà Ìwéré ni.

"Ta ló wà ní Ìwéré?" ni mo béèrè. Àjàgbé ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

"Yí i sọ́tùn-ún," ni ìyá wí. Abẹ́rẹ́ fò sókè. "Yí i sósì." Ó wálẹ̀.

"Ọ̀gúnṣínà!" Ó dá mi lójú pé kò pe orúkọ ọkọ rẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí. "Àríkẹ́ ẹlẹ́pà lo tún fẹ́ lọ bá? Pẹ̀lú òwú nímú?"

"Màámi, ẹ rọra, wọ́n ń gbọ́."

"Kó gbọ́! Dírẹ́bà, sọ́tùn-ún! Bó bá wù ú kó hó!"

A tún gbéra. Bí ọ̀nà bá ti tẹ̀ sọ́tùn-ún, abẹ́rẹ́ á dìde, ìyá á sì bú ọkọ rẹ̀. Àjàgbé ń bẹ ìyá rẹ̀. Làtúndé ò mójú kúrò lára abẹ́rẹ́. Èmi náà na ọrùn láti ẹ̀yìn. Nígbà tó yá, a gbọ́ ohùn nínú ọyẹ́: "Ẹ dúró! Ẹ dúró o!"

"Àwọn òkú abà ló wá pàdé bàbá," Àjàgbé sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Ilẹ̀ là lábẹ́ wa.

Gbàgà! Iwájú ọkọ̀ wọ inú sàréè. Pósí yọ̀ kọjá mi, orí rẹ̀ lọ kan Àjàgbé léjìká.

"Kì í ṣe èmi!" Àjàgbé ké. "Bàbá, ẹ̀yin lẹ ni ín!"

Abẹ́rẹ́ sùn. Wáyà tín-ín-rín kan já bọ́ lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, ara rẹ̀ ti bó níbi tí sítíárìn ti máa ń tì í mọ́ irin nígbàkígbà tí a bá yà sọ́tùn-ún. Làtúndé gbé e sókè bí ẹni mú ejò. "Òun nìyí. Òun ló ń sọ̀rọ̀."

Ìyá wò ó, ó wo pósí. "Bàbá Àjàgbé, ẹ má bínú," ó ní. "Ṣùgbọ́n ẹ ò kúkú sọ pé ẹ ò lọ Ìwéré."

Ẹni tó gbẹ́ sàréè bẹ̀rẹ̀ sójú fèrèsé, ó wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ẹ jọ̀ọ́," ó ní, "èwo nínú yín ni ká sin?"

Ọwọ́ méjèèjì ni Àjàgbé fi tọ́ka sí pósí.

Wọ́n fi okùn fa ọkọ̀ jáde, a sì sin bàbá kí ilẹ̀ tó ṣú. Sàréè náà fẹ̀ jù ú lọ díẹ̀. Ni baálẹ̀ abà bá pe Làtúndé. "Gbogbo abà ló yí kòtò yìí ká, à ń jùwọ́, à ń pariwo. Níbo lo fojú sí?"

"Géèjì ni, bàbá."

Baálẹ̀ wo ọkọ̀, ó wo kòtò, ó mí kanlẹ̀. "Ọmọ mi," ó ní, "ibi tí a fojú sí, ọ̀nà ò gbabẹ̀."