Àwẹ̀ Alàgbà Akínrẹ̀mí Níbi Tí Oòrùn Kì Í Wọ̀

Ní oṣù karùn-ún, Alàgbà Akínrẹ̀mí pa orúkọ Ìyá Kaosarah rẹ́ nínú ìwé ìsinmi, ó sì kọ tirẹ̀ síbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kejì oṣù keje ni ìsinmi náà. Láti oṣù kejì ni Ìyá Kaosarah ti gba ọ̀sẹ̀ náà, nítorí Ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ yẹn ni Kaosarah, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, máa gboyè ní yunifásítì ní Leeds. Alàgbà fẹ́ fi ọ̀sẹ̀ náà àti èyí tó tẹ̀ lé e lọ gbafẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi.

Ilé ìkẹ́rù kan ní Dagenham Dock ni gbogbo wa ti ń ṣiṣẹ́. Alàgbà ni súpáfáísọ̀ wa. Inú dúrọ́ọ̀ tábìlì rẹ̀ ni ìwé ìsinmi ń gbé, òun ló ń tì í, òun ló ń ṣí i. Nígbà tí Ìyá Kaosarah lọ bi í léèrè, ó ní, "Òfin ilé iṣẹ́ ni. Ẹnì kan ṣoṣo ló lè lọ sinmi lọ́sẹ̀ kan. Ọ́fíìsì ló sì yàn mí." Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Lọ́dọ̀ tiwa, tí àgbà bá ti wà lọ́jà, kí ọlọ́mọ yáa di orí ọmọ rẹ̀ mú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí Alàgbà jẹ́. Kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni ṣe rí tí òun ò ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tó bá wúkọ́, ikọ́ tirẹ̀ ló le jù láti Barking títí dé Dagenham. Tí o bá gbàdúrà wákàtí kan, ó ti gba ti wákàtí mẹ́ta kí o tó jí. Ó tilẹ̀ sọ fún wa pé òtútù London ìgbà tí òun dé le ju báyìí lọ, pé ìgbà tó rí òun ló rọ̀ díẹ̀.

Ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà kan náà ní Rippleside ni èmi àti òun ń lọ. Nígbà tí àwọn ará gbọ́ pé ó fẹ́ fi ọ̀sẹ̀ méjì jẹ̀gbádùn lórí omi, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi í rẹ́rìn-ín músẹ́. Èyí dùn ún. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó ṣáájú ìrìn àjò náà, ó dìde nínú sùtánà funfun báláú.

"Ẹ̀yin ará, kì í ṣe fàájì ni mo ń lọ ṣe. Gbogbo ọjọ́ tí mo bá lò lórí omi, àwẹ̀ ni."

Wòlíì tó ń darí ìjọ wa ní, "Ó dára, Alàgbà. Títí di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, bí a ṣe máa ń ṣe."

"Aago mẹ́fà kẹ̀? Ti àwọn ọmọdé nìyẹn, Bàbá. Oúnjẹ ò ní kan ẹnu mi títí oòrùn á fi wọ̀."

Ìjọ hó yèè. Alàgbà jókòó bí ẹni tó ti dé ọ̀run, tó kàn padà wá mú fìlà.

Ó ti ṣírò rẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, oòrùn Dagenham máa ń wọ̀ ní aago mẹ́sàn-án kọjá díẹ̀. Ó lè fara dà á. Ohun tí kò bi ẹnikẹ́ni ni ibi tí ọkọ̀ náà dorí kọ. Àwọn ìlú àtijọ́ etí òkun Norway ni: Bergen, Trondheim, Tromsø. Ìhà àríwá ni gbogbo wọn, ọ̀kan jìnnà ju èkejì lọ. Bí èèyàn bá sì ṣe ń lọ sí àríwá lásìkò yẹn ni oòrùn ń pẹ́ sí i kó tó wọ̀.

Ìyàwó rẹ̀, Àǹtí Olúbùsọ́lá, tí wọ́n jọ lọ, ló sọ ìyókù fún wa, ó ń sọ ọ́, ó ń nu omijé ẹ̀rín.

Ọkọ̀ gbéra ní Tilbury lọ́jọ́ Sátidé. Ilé oúnjẹ inú rẹ̀ máa ń ṣí láti àárọ̀, ó sì ń tì ní aago mẹ́sàn-án alẹ́. Ẹran àgùntàn wà níbẹ̀, ẹja wà níbẹ̀, kéèkì wà tó tó ìrọ̀rí. Alàgbà á dúró sáàárín wọn, á gbé fóònù sókè, á ya fídíò ránṣẹ́ sí gbogbo wa. "Ẹ wo oúnjẹ. Ẹ wo ọwọ́ mi. Ṣé ọwọ́ mi kàn án?" Lọ́jọ́ Ìsinmi, lójú òkun, aago mẹ́wàá ti kọjá kí oòrùn tó wọ̀. Búrẹ́dì méjì tí ìyàwó rẹ̀ tọ́jú sínú báàgì ló fi ṣínu.

Lọ́jọ́ Ajé, wọ́n dé Bergen. Amọ̀nà kan mú wọn wọ ilé onípákó àtijọ́ kan létí omi, níbi tí àwọn oníṣòwò ayé ọjọ́un ń kó ẹja wọn sí. Pánla ló so rọ̀ láti òkè àjà. Pánla gidi, irú èyí tí àwọn ìyá wa fi ń se ẹ̀fọ́. Àwọn òyìnbó di imú. Alàgbà ṣí tirẹ̀. Kí Àǹtí Olúbùsọ́lá tó yíjú, ọkọ rẹ̀ ti gbé imú lé ọ̀kan, ó dijú bí ẹni tó wà nínú ẹ̀mí.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà," amọ̀nà ní, "ẹja wíwò nìyẹn. Ó ti tó ogún ọdún tó ti wà níbẹ̀."

"Mo ń gbàdúrà fún un ni," Alàgbà dáhùn.

Lọ́jọ́ náà, aago mọ́kànlá kọjá kí oòrùn tó wọ̀. Ní Trondheim, lọ́jọ́ kejì, ó kù díẹ̀ kí aago méjìlá lù. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì ńlá àtijọ́ tó wà níbẹ̀, ikùn rẹ̀ kùn débi pé ìyá arúgbó kan gbójú sókè, ó rò pé òjò ń bọ̀. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ẹni tó bá ń pariwo ńkọ́? Ikùn rẹ̀ á bá a pariwo.

Lóru Ọjọ́rú, ó jókòó síta nínú ọkọ̀, ó gbé búrẹ́dì mẹ́ta lé itan, ó ń wo oòrùn. Oòrùn ń sọ̀ kalẹ̀, ó ń sọ̀ kalẹ̀, ó fẹ́ẹ̀ kan omi. Alàgbà bu búrẹ́dì kan sí méjì. Ni oòrùn bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè.

Ó pe òṣìṣẹ́ ọkọ̀ kan. "Ọ̀rẹ́ mi, ìgbà wo ni oòrùn yìí máa wọ̀?"

"Níbi tí à ń lọ yìí, sà? Ó máa tó bí ọ̀sẹ̀ méjì sí i."

Nígbà tó fi di ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ní Tromsø, omi nìkan ló ṣì wà nínú Alàgbà.

"Bàbá Ìyìn, ẹ jẹun," ìyàwó rẹ̀ bẹ̀ ẹ́.

"Mo ti ṣèlérí níwájú ìjọ."

"Ẹ pe Wòlíì nígbà náà."

"Kí gbogbo ìjọ lè gbọ́?"

"Ẹ pe Mùsùlùmí, ṣebí àwọn ló mọ̀ nípa àwẹ̀ àti oòrùn. Ẹ pe Ìyá Kaosarah níbi iṣẹ́ yín."

Ìyàwó rẹ̀ ò mọ nǹkan kan nípa ìwé ìsinmi. Alàgbà kọ́kọ́ pe Lùkmọ́nù, Mùsùlùmí tó ń wa fọ́kílíìfù, ọkọ̀ tí a fi ń gbé ẹrù, lọ́dọ̀ wa. Ó pè é lẹ́ẹ̀mẹ́ta, Lùkmọ́nù ò gbé e. Bí ebi bá wọ inú fáàrí, fáàrí bùṣe.

À ń jẹun ọ̀sán lọ́wọ́ nílé iṣẹ́ nígbà tí fóònù Ìyá Kaosarah dún. Ọbẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ló bá fi í sí sípíkà. Èmi àti Lùkmọ́nù jókòó tì í.

"Ìyá Kaosarah, ẹ kú iṣẹ́ o." Ohùn Alàgbà tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú. Láti ọdún mẹ́rin tí mo ti wà níbẹ̀, mi ò gbọ́ kó bọ̀wọ̀ fún obìnrin yìí rí. "Ẹ jọ̀ọ́, tí ẹ bá ń gbààwẹ̀, tí oòrùn wá kọ̀ tí kò wọ̀, báwo lẹ ṣe máa ń ṣínu?"

Lùkmọ́nù fi ọwọ́ bo ẹnu. Ìyá Kaosarah tẹjú mọ́ fóònù náà. Ọ̀la ni Kaosarah máa gboyè, iṣẹ́ àárọ̀ sì ni wọ́n kọ ìyá rẹ̀ sí.

"Arìnrìn-àjò lè jẹun, kó san án padà tó bá délé," ó ní.

"Mo ti ṣèlérí, Ìyá Kaosarah. Níwájú ìjọ."

"Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, àwọn kan máa ń tẹ̀lé àkókò Mẹ́kà. Tí oòrùn tibẹ̀ bá ti wọ̀, wọ́n á ṣínu. Ẹ̀yin lè lo ti Jerúsálẹ́mù."

Alàgbà béèrè pé, "Èwo ló máa ń tètè wọ̀ nínú méjèèjì?"

"Ti Mẹ́kà."

"Ẹ jẹ́ ká lo Mẹ́kà."

"Ní aago ọ̀dọ̀ yín, á jẹ́ bí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́."

A gbọ́ ohùn Àǹtí Olúbùsọ́lá lẹ́yìn rẹ̀: "Aago mẹ́fà Wòlíì kúkú nìyẹn."

"Ẹ jẹun dáadáa, Alàgbà," Ìyá Kaosarah ní, ó sì pa fóònù.

Lùkmọ́nù ò lè gbà á. "Ẹ sì sọ fún un? Tó bá jẹ́ èmi ni, màá ní kó máa wo oòrùn lọ."

"Ebi kọ́ ni mo fẹ́ fi bá a jà." Ìyá Kaosarah dìde, ó fọ ọwọ́. "Láti oṣù karùn-ún ni mo ti ń bẹ̀rù ọkùnrin yìí. Ẹni tó ń bi mí bóyá òun lè jẹ búrẹ́dì."

Ó wá àwòrán ìwé ìsinmi tó ti yà ní oṣù kejì jáde lórí fóònù, orúkọ rẹ̀ hàn kedere níbẹ̀. Ó gòkè lọ bá Ọ̀gá Sylvanus, máníjà wa. Mo tẹ̀ lé e, nítorí ẹlẹ́rìí kì í pọ̀ jù.

Ọ̀gá Sylvanus gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀, ó sì wo àwòrán náà pẹ́. "Ta ló ní ẹnì kan ṣoṣo? Ẹni mẹ́ta ló lè lọ lọ́sẹ̀ kan. Ṣé kí n pe Akínrẹ̀mí nísinsìnyí, kó wá fẹnu ara rẹ̀ ṣàlàyé?"

"Rárá, sà," Ìyá Kaosarah ní. "Ẹ jẹ́ kó jẹun ná."

Ohun kan ṣoṣo ló béèrè: kí wọ́n yọ ìwé ìsinmi kúrò nínú dúrọ́ọ̀, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri níbi tí a ti ń jẹun, kí kálukú máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ rẹ̀. Ọ̀gá gbà, ó fi kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ ṣí dúrọ́ọ̀ náà. Ìyá Kaosarah fúnra rẹ̀ ló gbé ìwé náà sọ̀ kalẹ̀, òun ló lẹ̀ ẹ́. Ó kọ orúkọ ara rẹ̀, Làtífátù, sí Ọjọ́ Ẹtì, ó bọ́ ẹ̀wù iṣẹ́, ó sì lọ ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú irin tó ń lọ sí Leeds.