Òdòdó Tí Wọ́n Sin Sínú Páálí Bàtà

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbálẹ̀ ààfin ló kọ́kọ́ sọ fún mi nípa ẹjọ́ tó dé ibẹ̀ lánàá. Ó ní Baálẹ̀ dúró lójú fèrèsé pẹ̀lú kẹ́tùlù, ó ń bomi rin òdòdó ìyàwó rẹ̀ tó rìnrìn àjò, nígbà tí télọ̀ kan fa aránbàtà kan wọlé ní apá aṣọ.

Inú ṣọ́ọ̀bù kan náà làwọn méjèèjì ti ń ṣiṣẹ́, kọ́tìnì ló là wọ́n láàárín. Télọ̀ ní nígbà tí òun ń lọ tọ́jú ọmọ òun tó bímọ, òun fi òdòdó òun síkàáwọ́ ọkùnrin yìí. Ọ́kíìdì ni, irú kékeré tó ń hù nílẹ̀, tí kì í gun igi bíi tàwọn ẹbí rẹ̀. Iṣu abẹ́ rẹ̀ kò ju èkùrọ́ lọ. Ìyá télọ̀ ló fún un, pẹ̀lú àwọn mìíràn. Àwọn yòókù ti kú mọ́ ọn lọ́wọ́, èyí nìkan ló ṣẹ́kù.

"Ìyá mi ń bọ̀ lọ́la, Baba. Òdòdó yẹn ló máa kọ́kọ́ béèrè kó tó béèrè mi. Mo dé ṣọ́ọ̀bù, mo ní òdòdó mi dà. Ọkùnrin yìí ṣí fìlà, ó ní kí n fọkàn balẹ̀, pé òun ti sin ín."

"Ṣé lóòótọ́ lo sin ín?" Baálẹ̀ bi aránbàtà.

"Mo sin ín dáadáa, Baba. Ó tanná, ó rẹwà. Nígbà tó yá, ewé rẹ̀ pọ́n bí ojú ẹni tí ibà ń ṣe, ó wó lulẹ̀. Mo pè é, kò dáhùn. Ṣé kí òkú wá máa wò mí níbi iṣẹ́ ni?"

Ó ní òun wú iṣu rẹ̀, òun tẹ́ ẹ sínú páálí bàtà ọmọdé, torí ti àgbàlagbà máa tóbi jù fún un. Òun da yanrìn gbígbẹ bò ó, òun sì gbé e sábẹ́ bẹ́ǹṣì òun, níbi tí òjò àti oòrùn kò ti ní yọ ọ́ lẹ́nu.

Ìyàwó aránbàtà jẹ́rìí pé ọkọ òun sunkún níbi ìsìnkú náà débi pé kò lè jẹun. Oníbàárà kan tó wá gba bàtà lọ́jọ́ náà ní irọ́ ni, ó ń súfèé, ó sì ń jẹ ẹ̀pà. Aránbàtà ní òótọ́ làwọn méjèèjì sọ: òun sunkún tán, òun wá ń súfèé kí àwọn oníbàárà má baà sá.

"Omi ńkọ́?" ni télọ̀ bi í. "Ṣebí mo ní kí o máa bomi rin ín láràárọ̀?"

"Ẹ̀gbọ́n, ta ló ń fún òkú lómi?"

Baálẹ̀ ní kí wọ́n gbé òkú wá. Páálí dé, wọ́n ṣí i. Iṣu náà wà nínú yanrìn, ó le, ó ń dán, ọmọ iṣu tuntun kan ti lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ̀hù funfun sì ti yọ lórí rẹ̀. Aránbàtà rí i pé òkú jí, ó ti sá dé ẹnu ọ̀nà kí wọ́n tó dì í mú.

Ìyá àgbà kan wà nínú ìgbìmọ̀ tó máa ń sùn láti ìbẹ̀rẹ̀ ìjókòó dé òpin. Ó la ojú kan.

"Kò kú. Ó ń sùn ni, bíi tèmi. Tó bá ti tanná tán, ewé rẹ̀ á gbẹ, á sùn. Bí ẹnikẹ́ni bá da omi sí i nígbà yẹn, jíjẹrà ló máa jẹrà. Tó bá jí, ẹ po yanrìn mọ́ ewé tó ti jẹrà, ẹ gbìn ín síbẹ̀, kí ẹ wá máa fún un lómi díẹ̀díẹ̀. Ṣé ẹ máa jẹ́ kí n sùn báyìí?"

Télọ̀ rọra jókòó. Ó ní gbogbo àwọn tó kú mọ́ òun lọ́wọ́, bí wọ́n bá ti ń rọ, ńṣe lòun ń bu omi fún wọn tẹkúntẹkún.

Baálẹ̀ wúkọ́, ó dájọ́. Ó ní kí télọ̀ mú iṣu rẹ̀ lọ dúró de ìyá rẹ̀, kó sì fún aránbàtà ní ọmọ iṣu tuntun náà. Lọ́dọọdún tí ewé bá ti gbẹ, aránbàtà ni yóò máa sin àwọn méjèèjì, kó sì máa sunkún, kó máa súfèé bó ṣe ṣe lọ́dún yìí.

"Ẹnikẹ́ni tó bá tún da omi sí òdòdó tó ń sùn ní ìlú yìí, á kúnlẹ̀ bẹ òdòdó náà, á sì fọ gbogbo bẹ́ǹṣì ààfin. Kò sí ẹni tó ga ju òfin yìí lọ."

Ìyá àgbà tún la ojú kan. "Ti ojú fèrèsé yẹn ńkọ́?"

Gbogbo ojú yí síbẹ̀. Irú ọ́kíìdì kékeré kan náà ni, ewé rẹ̀ ti gbẹ tán, omi ń kán tó, tó, láti ìdí ìkòkò. Kẹ́tùlù ṣì wà lọ́wọ́ Baálẹ̀.

Àánú ṣe aránbàtà. Ó ní òun ṣì ní páálí kan nílé.

Baálẹ̀ kúnlẹ̀, ó sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ sí ìkòkò náà. Lẹ́yìn náà ó gba àkísà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi, ó gbé korobá, ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ pọnmi, kò wẹ̀yìn rárá.