Àga Ẹnìkejì Akínsànyà

Bí ẹ bá rí ọkùnrin kan ní Ijapo Estate tó ń rìn létí títì, tó fi ààyè ẹnìkan sílẹ̀ lápá ọ̀tún, ẹ má gba ààyè náà kọjá. Èèyàn wà níbẹ̀. Akínsànyà nìyẹn: A-bá-Ọlọ́run-rìn, Arìn-má-dánìkan-rìn, Ajẹ-abọ́-méjì-lórúkọ-ọ̀run.

Kì í ṣe pé ó ń gbàdúrà ju àwọn yòókù lọ. Ó gbọ́ ìwàásù lọ́jọ́ kan ni, pé onígbàgbọ́ gbọ́dọ̀ máa bá Ọlọ́run rìn lójoojúmọ́. Àwọn ará ìjọ lọ sílé, wọ́n ń ronú bí wọn yóò ṣe dín irọ́ pípa kù. Akínsànyà lọ ra àga kejì.

Láti ìgbà náà ni Agnes, ìyàwó rẹ̀, kò ti rí ẹ̀gbẹ́ ọkọ rẹ̀ jókòó sí mọ́. Nídìí tábìlì, Ẹnìkejì, bó ṣe ń pe Ọlọ́run, ló wà níbẹ̀. Nínú mọ́tò, iwájú di ti Ẹnìkejì. Akínsànyà á fa bẹ́líìtì, á fi de afẹ́fẹ́ mọ́ ìjókòó. Agnes á wà lẹ́yìn bí ẹrù.

Abọ́ oúnjẹ náà di méjì. Ẹran tó tóbi jù gbọ́dọ̀ wà nínú abọ́ Ẹnìkejì. Akínsànyà á jẹ tirẹ̀ tán, á dijú, á mi orí.

“Ó ní Òun ti yó nípa ti ẹ̀mí. Ó ní kí n bá Òun jẹ ti ara.”

“Bàbá Peculiar,” ni Agnes wí lọ́jọ́ kan, “ẹ bá mi bi Í, bóyá Ó lè ní kí èmi náà bá Òun jẹ itan adìẹ yẹn.”

“Ìyá Peculiar, má fi ìgbàgbọ́ ṣeré. Ojú nìwọ fi ń rìn. Ìgbàgbọ́ lèmi fi ń rìn.”

“Eyín lẹ fi ń rìn, ọkọ mi,” ni Agnes sọ nínú ikùn.

Òkìkí kàn dé Oǹdó, ìlú Akínsànyà. Ìjọ ilé ní àwọn yóò fi í jẹ Bàbá Ìjọ lọ́jọ́ ìkórè. Inú Agnes dùn ju ti ọkọ rẹ̀ lọ. Nínú ìjọ yẹn, ìyàwó Bàbá Ìjọ ní í jókòó ti ọkọ rẹ̀ níwájú pẹpẹ, àlùfáà á sì gbé ọwọ́ lé àwọn méjèèjì. Ó ti pẹ́ tó ti ń wo ìpàkọ́ ọkùnrin yìí. Ó fẹ́ jókòó tì í lẹ́ẹ̀kan, lójú gbogbo ayé. Ó rán léèsì tuntun. Ó ránṣẹ́ sí àwọn ará ilé rẹ̀ ní Bọ́lọ́rundúró pé kí wọ́n wá wo òun.

Wọ́n wá. Lọ́jọ́ ìkórè, Agnes ń lọ jókòó níwájú pẹpẹ ni Akínsànyà na ọwọ́ dá a dúró.

“Ìyá Peculiar, lọ bá àwọn ìyá ìjọ lẹ́yìn. Àga yìí ti ní ẹni tó ni ín.”

“Lónìí náà? Lójú àwọn èèyàn mi?”

“Ṣé kí n lé Ọlọ́run dìde nítorí léèsì?”

Agnes yí padà. Ẹ̀yìn pátápátá ló bá ara rẹ̀, nídìí òkìtì iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ìkórè, níbi tí Bọ́sẹ̀, ọmọ ìjọ kan, so akọ tòlótòló tó fi dúpẹ́ mọ́.

“Ìyá Peculiar, kí lẹ wá ṣe níbí? Àga yín dà?”

“Ọlọ́run ló wà níbẹ̀.”

“Ọlọ́run wo?”

“Ti ọkọ mi.”

Àlùfáà Oríọlá gbé maikirofóònù fún ẹni oyè kó jẹ́rìí. Akínsànyà dìde, fìlà pupa lórí, àyà níwájú. Ó ṣán agbádá sókè lápá méjèèjì.

“Ẹ̀yin ará! Bí kìnnìún bá já wọlé nísinsìnyí, ẹ̀yin lẹ ó sá. Èmi? Màá wo Ẹnìkejì mi. Òun náà á wò mí. A ó jọ rẹ́rìn-ín!”

Tòlótòló gbé orí sókè. Òun kò mọ Bàbá Ìjọ. Ohun tó rí ni akọ mìíràn: orí pupa, àyà wíwú, ìyẹ́ nínà, ariwo rẹpẹtẹ. Ó tẹ́ ìrù bí abẹ̀bẹ̀. Ó já okùn. Ó gba àárín ìjọ lọ, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tí wọ́n ránṣẹ́ pè.

“Ẹ mú ẹyẹ yẹn,” ni Akínsànyà wí.

Ẹyẹ náà fò mọ́ ọn.

Akínsànyà gbé àga Ẹnìkejì, ó fi bojú, ó sá sẹ́yìn rẹ̀. Tòlótòló yí i ká. Akínsànyà ju àga nù, ó gun orí tábìlì ọrẹ, maikirofóònù ṣì wà lẹ́nu rẹ̀:

“Agnes! Agnes o! Agnes, gbà mí!”

Ẹ̀rọ gbohùngbohùn gbé e jáde sí títì. Àwọn ọlọ́kadà dúró.

Agnes kò sáré. Ó rìn láti ẹ̀yìn dé iwájú, ó sì fi ọwọ́ kan ká ìyẹ́ tòlótòló méjèèjì.

Ìyá àgbà kan láti Bọ́lọ́rundúró ló fọhùn. “Àna wa, Ẹnìkejì yín ńkọ́?”

Akínsànyà wo ọ̀tún, ó wo òsì. “Ó… Ó bọ́ síta díẹ̀.”

Ẹ̀rín bú. Àlùfáà Oríọlá pàápàá fi ìwé orin bojú. Nígbà tó gbojú jáde, ó rọra ká aṣọ oyè tí wọn kò tíì wọ̀ fún Akínsànyà, ó fi í sábẹ́ apá.

Agnes gbé àga tó ṣubú nàró. Ó nu ìjókòó rẹ̀. Ó jókòó, tòlótòló lórí itan.

“Ìyá Peculiar,” ni Akínsànyà bẹ̀rẹ̀, “àga yẹn—”

“Ẹ ti ní Ó bọ́ síta.”

Akínsànyà sọ̀kalẹ̀. Kò lè jókòó ti ìyàwó rẹ̀. Ojú tì í. Ó gba àárín ẹ̀rín kọjá títí ó fi dé ìdí òkìtì iṣu. Bọ́sẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń tún ibẹ̀ ṣe fún un.

“Ẹ kú ìrìn, sà. Ṣé ààyè ẹnìkan ni kí n ṣí, àbí ti èèyàn méjì?”