Òǹtẹ̀ Méjì Tí Mo Fi Ẹnu Ara Mi Bẹ̀

Ọjọ́ kan wà tí kò ní parẹ́ lọ́kàn mi láé, ọjọ́ tí mo la odidi orílẹ̀-èdè kan já láìjẹ́ kí ẹsẹ̀ mi kan ilẹ̀ rẹ̀. Mi ò wọ bàálù o. Ẹ̀yìn ọkọ̀ akẹ́rù ni mo wà, láàárín àpò àlùbọ́sà àti ìdì abọ́, mo jókòó bí ẹrù tí ìjọba tẹ òǹtẹ̀ mọ́. Tógò ni orílẹ̀-èdè náà. Kò tíì pẹ́ tí wọ́n gba òmìnira nígbà náà, ìjọba wọn àti ìjọba Gánà sì ń wo ara wọn bí orogún. Akọ̀ròyìn ni mí, Ẹdẹ ni mo ti ń kọ ìròyìn ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn kan ní Ìbàdàn. Ẹ fi iṣẹ́ mi yìí sọ́kàn, nítorí òun ló sọ ìtìjú náà di méjì.

Ìyàwó ni mò ń wá. Adùkẹ́ ni orúkọ rẹ̀, olùkọ́ ni, òun fúnra rẹ̀ sì ti gbà. Bàbá rẹ̀ ló kù. Bàbá Olóǹtẹ̀ ni wọ́n ń pe bàbá náà, nítorí pé ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi bá àwọn tó ń yẹ kòkó wò fún ìjọba ṣiṣẹ́ ní Ṣekónà. Ọ̀gá á la kòkó wò, á ní ó dára tàbí kò dára; Bàbá ló ń tẹ òǹtẹ̀ sára àpò. Wọn ò mọ̀wé, ṣùgbọ́n kò sí òǹtẹ̀ tí wọn ò lè dá mọ̀ láti òkèèrè. Nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì, wọ́n lọ jókòó ti kòkó tiwọn ní Àlájùẹ. Ojú tí wọ́n fi ń wo àpò ni wọ́n sì fi ń wo ènìyàn.

“Kò sí ọmọbìnrin tó ń jáde nílé yìí láìjẹ́ pé ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Kùmásì fọwọ́ sí i,” ni wọ́n wí fún mi. “Òun ni olórí ẹbí. Lọ bá a. Kí o rí i, kí òun náà rí ọ.”

“Ṣé kí n gba lẹ́tà bọ̀, Bàbá?”

“Lẹ́tà?” Wọ́n wò mí bí ẹni tó gbé kòkó tútù wá. “Ẹni tó wá ṣáájú rẹ mú lẹ́tà wá. Ìbàdàn ló jókòó sí tó kọ ọ́. Ìwé ìrìnnà rẹ ni kí o mú wá kí n wò. Ènìyàn ń purọ́, òǹtẹ̀ kì í purọ́. Àpò tí kò bá lóǹtẹ̀, ilé ló ń padà sí.”

Wọ́n wá dá ọjọ́ ìdána: Sátidé ọ̀sẹ̀ kẹta. Wọ́n ní bí Sátidé yẹn bá kọjá tí àwọn ò rí mi, ọkùnrin mìíràn wà tó ń kan ilẹ̀kùn, kì í sì í ṣe ọwọ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló fi ń kàn án.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe wọ ọkọ̀ Gánà. Nínú ọkọ̀ náà ni mo ti pàdé Ìyá Onílẹ̀kẹ̀, ọmọ Awo, tó ti ń tà ní Kùmásì láti ìgbà tí mo wà nílé ẹ̀kọ́. A la Dàhòmì kọjá, a la Tógò kọjá, kò sí wàhálà. Ó ku díẹ̀ ká dé ẹnubodè Gánà ni Ìyá pe gbogbo wa jọ.

“Ẹ gbọ́ o. Gánà àti Tógò yìí ń jà. Bí àwọn ará Tógò bá rí òǹtẹ̀ Gánà nínú ìwé yín, wọn ò ní jẹ́ kí ẹ gba ọ̀dọ̀ wọn padà sílé. Ẹ bẹ aṣọ́bodè kó tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé pélébé lọ́tọ̀. Bí ẹ bá ń bọ̀, ẹ ó jù ú nù.”

Kíá, oníkálukú ti ń wá ìwé pélébé. Ọkùnrin kan fa páálí sìgá rẹ̀ ya. Obìnrin kan gé etí kàlẹ́ńdà. Èmi nìkan ni mo jókòó, mo ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo ní ọ̀rọ̀ ẹnu ọlọ́jà ni. Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ níbí yìí: kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ ṣáájú ọjọ́ náà tí èmi fúnra mi kọ ìròyìn ìjà yìí, ìlà mẹ́rin, nísàlẹ̀ ojú ewé kejì. Mo kọ ọ́ tán, mo sì gbàgbé pé èmi náà lẹ́sẹ̀ tí mo fi ń rìn.

Ọmọlúwàbí ni aṣọ́bodè Gánà. Ó gba ìwé mi, ó ní, “Ọ̀gbẹ́ni, ọ̀nà wo lo máa gbà padà?”

“Ọ̀nà yìí náà ni, ọ̀gá.”

“Inú ìwé gan-an lo sì fẹ́ kí n tẹ̀ ẹ́ sí?”

“Inú ìwé gan-an ni, ọ̀gá mi.”

Ó tẹ̀ ẹ́. Àmọ́ yíǹkì òǹtẹ̀ ti gbẹ. Ìdajì ló hàn, ìdajì kò hàn. Ojú Bàbá Olóǹtẹ̀ ló yọ sí mi lọ́kàn. Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá, ẹ bá mi tún un tẹ̀, kó hàn dáadáa.” Ọkùnrin náà wò mí bí ẹni tí wọ́n gbá létí tó ní ó ku etí kejì. Ó ki òǹtẹ̀ bọ yíǹkì títí yíǹkì fi ń kán sílẹ̀, ó sì gbé e lé ìwé.

“Ó hàn báyìí?”

“Ó hàn, ọ̀gá. Ẹ ṣé gan-an ni.”

Mo ṣe é dé orí ìdúpẹ́.

Ní Kùmásì, ọ̀rọ̀ kò le rárá. Ẹ̀gbọ́n Bàbá ń ta ẹ̀yà ara kẹ̀kẹ́, ọwọ́ wọn kún fún gíríìsì bí a ṣe ń sọ̀rọ̀. Wọ́n bi mí léèrè agbo ilé wa ní Ẹdẹ, wọ́n bi mí bóyá mo ń mu ẹmu, wọ́n wá bi mí bóyá mo ń hanrun.

“Bàbá, mi ò mọ̀. Mo máa ń ti sùn nígbà náà.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi nu ojú pẹ̀lú ọwọ́ gíríìsì. “Ẹ fún un níyàwó,” ni wọ́n wí. Ìyàwó wọn di kẹ́ńkè, ẹ̀kọ líle tí àwọn ará Gánà ń jẹ, ńlá mẹ́fà fún mi nínú háhá àgbàdo, kí n rí nǹkan jẹ lọ́nà. Ẹ rántí kẹ́ńkè náà.

Ọjọ́bọ̀ la padà dé ẹnubodè. Aṣọ́bodè Gánà mọ̀ mí. Ó tẹ òǹtẹ̀ ìjáde fún mi, ó ní, “Ó dàbọ̀ o,” ó sì dúró lẹ́nu ọ̀nà láti wò mí. Àwọn tó kù ti ju ìwé pélébé tiwọn sínú gọ́tà. Wọ́n kọjá sí Tógò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó kàn mí. Ọ̀gá kan tó ga, tó wọ awò ojú róbótó, ṣí ìwé mi, ó rí òǹtẹ̀, ó tún rí òǹtẹ̀, ó sì pa ìwé dé. Kò gbọ́ Òyìnbó tiwa, àwa náà ò gbọ́ Faransé tirẹ̀, ṣùgbọ́n Ìyá Onílẹ̀kẹ̀ gbọ́ Èwè, èdè àwọn ará ibẹ̀, bí ẹni tí wọ́n bí síbẹ̀.

“Ó ní o ò lè kọjá,” ni Ìyá wí.

“Ìyá, ẹ sọ fún un pé akọ̀ròyìn ni mí.”

Wọ́n sọ fún un. Ọkùnrin náà dáhùn láìrẹ́rìn-ín.

“Ó ní irú akọ̀ròyìn wo ni kì í ka ìròyìn?”

Mo padà sí ọ̀dọ̀ ará Gánà. Ó na ìka sí òǹtẹ̀ ìjáde mi. “O ti jáde. Ìwé rẹ ló sọ bẹ́ẹ̀. Bí o bá fẹ́ wọlé padà, ìwé ẹ̀bẹ̀ lo máa kọ sí olú ìlú, kí o sì máa retí èsì.” Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe di ará àárín. Igi kan ló wà níbẹ̀, àti ewúrẹ́ kan tó ń jẹko ní Gánà, tó ń lọ mumi ní Tógò, tí kò sí ẹni tó bi í léèrè ìwé. Dírẹ́bà wa ń pariwo pé òun á fún mi ní wákàtí kan, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èmi ń ka ọjọ́ sí Sátidé.

Abẹ́ igi yẹn ni ọgbọ́n burúkú ti sọ sí mi lọ́kàn. Ní Ẹdẹ, bí bébà bá ya, ẹ̀kọ tútù la fi ń lẹ̀ ẹ́. Kí ló yàtọ̀ nínú ẹ̀kọ àti kẹ́ńkè? Mo já kẹ́ńkè, mo fi omi pò ó, mo kùn ún sójú ewé méjì tí òǹtẹ̀ wà láàárín wọn, mo pa wọ́n pọ̀, mo jókòó lé e. Lẹ́yìn náà mo gbé e sórí gbòǹgbò igi kí oòrùn gbẹ ẹ́. Omi tó ṣẹ́kù, mo gbé e mu tán, nítorí òùngbẹ ń gbẹ mí. Nígbà tí mo gbé ìwé náà padà, ojú ewé méjì ti di ọ̀kan. Mo yin ara mi.

Mo padà lọ bá aláwò ojú róbótó. Ó gbà á, ó ṣí i. Èèrà ló kọ́kọ́ jáde.

Kì í ṣe èèrà méjì tàbí mẹ́ta. Ìlú èèrà ni. Wọ́n tò jáde láàárín ojú ewé, wọ́n gba ọwọ́ ọ̀gá wọ inú apá aṣọ ìjọba lọ. Ọ̀gá fò sókè, ó ń gbọn apá, ó ń sọ Faransé, ó ń sọ Èwè, fìlà rẹ̀ jábọ́. Gbogbo ènìyàn yíjú sí wa. Nígbà tí ara rẹ̀ rọlẹ̀, ó gbé ìwé náà símú, ó gbóòórùn rẹ̀, ó sì sọ gbólóhùn gígùn kan. Ẹ̀rín ò jẹ́ kí Ìyá Onílẹ̀kẹ̀ lè túmọ̀ rẹ̀.

“Ó ní... ẹ yéé, ẹ gbà mí! Ó ní òun ti rí ẹni tó fi ìwé ìrìnnà dì tábà, ṣùgbọ́n òun ò rí ẹni tó fi í dì kẹ́ńkè rí. Ó tún ní kẹ́ńkè Gánà ni. Òórùn rẹ̀ lòun fi mọ̀ ọ́n.”

Mo ti fi oúnjẹ Gánà bo òǹtẹ̀ Gánà.

Ìyá nu ojú, wọ́n kọjú sí mi. “Akọ̀wé, wọ́n ka ìwé ìròyìn yín sí mi létí ní Ẹdẹ. Èmi tí mi ò mọ̀wé gbà á gbọ́. Ìwọ tó kọ ọ́ lo ò gbà á gbọ́!”

Mo kàn jókòó sílẹ̀, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn: Adùkẹ́, Bàbá Olóǹtẹ̀, Sátidé, ọkùnrin tó ń kan ilẹ̀kùn. Ìyá yọ gèlè, wọ́n fi di ìbàdí, wọ́n lọ bá ọ̀gá. Mi ò mọ ohun tí wọ́n sọ, ṣùgbọ́n mo rí i tí ọkùnrin náà yọ awò ojú rẹ̀, tó mí kanlẹ̀.

“Ó ní òun náà ní bàbá ìyàwó,” ni Ìyá wí.

Ó fi ọ̀bẹ la ojú ewé tó lẹ̀ pọ̀. Ó gbé òǹtẹ̀ pupa ńlá kan, ó tẹ̀ ẹ́, ó sì fa ìlà gba orí rẹ̀ kọjá láti igun dé igun.

“Ó ní wọ́n ti kọ̀ ọ́, ó ti wọ àkọsílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹrù tí wọ́n kọ̀ lè kọjá lọ bá ẹni tó ni ín, bí kò bá ti sọ̀kalẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ kan á bá dírẹ́bà jókòó. Bí ẹsẹ̀ rẹ bá kan ilẹ̀ Tógò, àtìmọ́lé ni.”

“Ta ló ni mí, Ìyá?”

“Bàbá Olóǹtẹ̀ kọ́?”

Tógò kò fẹ̀ létí òkun, gbogbo ayé ló mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé omi tí mo mu lábẹ́ igi. Nígbà tí ọkọ̀ dúró ní Lómè, gbogbo èrò sọ̀kalẹ̀ lọ ra búrẹ́dì, wọ́n lọ sẹ́yìn ilé. Èmi kájọ sórí àpò àlùbọ́sà. Ìyá Onílẹ̀kẹ̀ ń pè mí láti ìsàlẹ̀: “Ọkọ ìyàwó, ẹ̀yìn igi ibí yìí mà dára o! Afẹ́fẹ́ wà níbẹ̀!” Kódà ẹ̀ṣọ́ náà rẹ́rìn-ín. Bí a ṣe wọ Dàhòmì, n kò dúró kí ọkọ̀ dúró tán.

Ní Sátidé, oòrùn ti yẹ̀ kí a tó wọ Ẹdẹ. Ẹbí ti jókòó nílé Bàbá Olóǹtẹ̀. Mo wọlé pẹ̀lú aṣọ Ọjọ́bọ̀ lára, mo ń rùn bí ọbẹ̀. Ìyá Onílẹ̀kẹ̀ wà lẹ́yìn mi, wọ́n ní àwọn ò lè lọ sí Awo láìrí òpin ọ̀rọ̀ náà. Bàbá ò bi mí bí ọ̀nà ṣe rí. Ọwọ́ ni wọ́n nà.

“Ìwé dà?”

Wọ́n ṣí i. Èèrà mẹ́ta tó kù jáde sórí aṣọ funfun wọn. Wọ́n gbọ̀n wọ́n nù. Wọ́n rí òǹtẹ̀ ìwọlé Gánà méjèèjì lábẹ́ èérún kẹ́ńkè, wọ́n mi orí. Wọ́n wá dé ibi pupa. Ẹnu mi tí kì í dákẹ́ ní, “Ti Tógò nìyẹn, Bàbá. Òun ló tóbi jù.”

Bàbá gbé ìwé náà sún mọ́ ojú. “Ìlà láti igun dé igun,” ni wọ́n wí jẹ́jẹ́. “O rò pé mi ò mọ̀ ọ́n? Irú èyí là ń tẹ̀ sára kòkó tó bu. Wọ́n dá ọ padà.”

Kò sí irọ́ tó kù lápò mi, mo bá sọ òótọ́, láti orí ìwé pélébé dé orí kẹ́ńkè. Ibi tí mo bá fẹ́ fò, Ìyá Onílẹ̀kẹ̀ á ní, “Rárá o, sọ ti àpò àlùbọ́sà.” Ẹ̀rín kan bú jáde lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Adùkẹ́ ni. Ìyá rẹ̀ tẹ̀ lé e, àwọn àbúrò bàbá tẹ̀ lé e. Bàbá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

Ohun tí mo kọ́ kò pọ̀. Láti ọjọ́ náà, ìròyìn kankan kò jáde lọ́wọ́ mi kí n má kọ́kọ́ bi ara mi pé, bó bá jẹ́ èmi ńkọ́? Bàbá sì tọ̀nà, òǹtẹ̀ kì í purọ́; tèmi kàn sọ ju ohun tí mo rán an lọ. Ìwé ìrìnnà náà wà nísàlẹ̀ àpótí Adùkẹ́ títí di òní, ó sì máa ń mú un jáde bí mo bá ń fọ́nnu níwájú àlejò. Èmi náà á rẹ́rìn-ín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé apá kan ẹnu ni mo máa ń fi rín in.

Ní ọjọ́ ìdána yẹn, mo yọ ìwé kékeré tí mo fi ń gba ìròyìn sílẹ̀, mo sì kọ ìdájọ́ Bàbá bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gan-an:

“Ẹ̀gbọ́n mi ti gbà, ìyẹn ò ní àríyànjiyàn. Kòkó tí wọ́n dá padà, a kì í dà á nù. Sísá la ń tún un sá. Láti ọjọ́ Ajé, bá mi ní ibi tí a ń sá kòkó sí ní Àlájùẹ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Bí oòrùn bá pa ọ́ dáadáa, màá tún ọ yẹ̀ wò. Bí o bá gbẹ, àá tẹ̀ ọ́ lóǹtẹ̀. Má sì mú kẹ́ńkè wá o. Èèrà pọ̀ níbẹ̀.”