Rélùwéè Ọ̀gá Ìwọ̀n

Òòyà ni ó kọ́kọ́ sọnù.

Ìyá Aránṣọ wá a lórí tábìlì, ó wá a lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó gbọn aṣọ ìbora yẹ́bẹ́yẹ́bẹ́, kò rí i. Ìka ló fi ya irun lọ sí ilé ìjọsìn lọ́jọ́ ìsinmi, gèlè ló sì bá a bo àṣírí. Nígbà tó padà dé, ó yọjú sí yàrá ẹ̀yìn níbi tí ọkọ rẹ̀ ti ń fọwọ́ ara rẹ̀ kan rélùwéè kékeré orí tábìlì, ó sì rí òòyà rẹ̀. Wọ́n ti gé eyín rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ti kùn ún lọ́dà funfun, wọ́n sì ti tò ó yí ibùdókọ̀ kékeré kan ká.

"Bàbá àwọn ọmọ, ṣé òòyà mi kọ́ nìyí?"

"Òòyà wo? Ọgbà nìyẹn."

"Ọgbà kẹ̀?"

"Ọgbà ibùdókọ̀. Àbí o fẹ́ kí màlúù wọ ojú irin ni?"

Màlúù tó ń wí yìí, bọ́tìnnì ni ó fi gbẹ́ ẹ. Bọ́tìnnì ọ̀hún, ara búláòsì oníbàárà ni ó ti já a.

Ẹ̀rín á pa ọmọ ènìyàn.

Akọ̀wé ilé ìfìwéránṣẹ́ ni ọkùnrin yìí, ṣùgbọ́n Ọ̀gá Ìwọ̀n ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí kò sí ohun tí kì í wọ̀n. Ó ní ènìyàn tó bá fẹ́ gbé lórí tábìlì òun kò gbọdọ̀ ga ju oríkèé àtàǹpàkò lọ. Lọ́jọ́ kan tí pásítọ̀ wá kí wọn nílé, ó tẹjú mọ́ ẹni Ọlọ́run títí, ó wá mi orí. Ó ní, "Bàbá, lórí tábìlì mi, ẹ ò ga ju ẹ̀pà olóhóró méjì lọ." Pásítọ̀ gbàdúrà kúkúrú, ó dìde.

Ohun tó sì tún kórìíra ni kí á lọ ra nǹkan lọ́jà. Ọmọdé ní ń ra ohun ìṣeré, ó ní àgbà a máa fọwọ́ ara rẹ̀ kàn án ni. Nítorí náà ìdérí ọṣẹ ìfọyín di ihò èéfín ọkọ̀, kẹ̀kẹ́ òwú di ẹsẹ̀ ọkọ̀, síìpù síkẹ́ẹ̀tì sì di àkàbà. Ọkọ̀ ìṣeré tí ìyá ìyàwó rẹ̀ rà fún ọmọ wọn kékeré, ayùn ni ó fi bẹ́ ẹ lórí. Fọ́-ọ́-rẹ́. Orí bọ́ sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi páálí rọ òmíràn sí i.

Ọmọ ké. Ó ní, "Ẹ ti pa á."

"Mi ò pa á. Mo yí i padà."

Onígbàjámọ̀ òdìkejì títì náà wà nínú ẹgbẹ́ àwọn onírélùwéè orí tábìlì, ṣùgbọ́n inú páálí ni ó ti ra tirẹ̀, pẹ̀lú igi, pẹ̀lú ilé, pẹ̀lú ènìyàn inú rẹ̀. Ọ̀gá Ìwọ̀n kì í kí i dáadáa mọ́. "Oní-páálí" ni ó ń pè é, bí ẹni ń pe olè.

Ìyá Aránṣọ kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ohun tó fẹ́ kò ju yàrá lọ. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni maṣíìnì rẹ̀ wà, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọ̀hún kò ní ilẹ̀kùn tó ń tì, aládùúgbò wọn sì ní ewúrẹ́ kan. Ewúrẹ́ yìí nírùngbọ̀n, ó ní ojú bí ojú ẹni tó lóye òwò. Kì í jẹ àkísà. Aṣọ tuntun ni. Lọ́jọ́ tí olórí akọrin wá gba aṣọ tó rán, alápá méjì ni ó ní kí wọ́n rán, alápá kan ni ó bá.

"Apá kejì ńkọ́, Ìyá Aránṣọ?"

"Ẹ bá mi bi ewúrẹ́."

Ọjọ́ yẹn ni Ìyá Aránṣọ tọ ọkọ rẹ̀ lọ nínú yàrá ẹ̀yìn. Onígbàjámọ̀ wà níbẹ̀ tó wá ṣe yẹ̀yẹ́.

"Bàbá àwọn ọmọ, ẹ dákun, ẹ fún mi ní yàrá yìí. Ewúrẹ́ ń jẹ mí run."

Ọ̀gá Ìwọ̀n gbé rúlà sílẹ̀. Ó wo ìyàwó, ó wo Onígbàjámọ̀, ìgbéraga gùn ún.

"Ẹgbẹ́ ń bọ̀ wá yẹ iṣẹ́ wa wò láti ilé dé ilé. Bí mi ò bá gba ipò kìíní, ọwọ́ ara mi ni màá fi tú rélùwéè yìí palẹ̀, màá sì gbé maṣíìnì rẹ wọ inú yàrá yìí."

"Mo gbọ́ o," ni Onígbàjámọ̀ wí. "Etí mi méjèèjì ló gbọ́ ọ."

"Ìwọ lọ gbọ́ páálí rẹ."

Gbogbo nǹkan wá tò tán, ó ku òkúta. Ẹni tó bá ti rí ojú irin rí mọ̀ pé òkúta wẹ́wẹ́ ni wọ́n ń dà sí i lẹ́sẹ̀ kó má baà yẹ̀. Ọ̀gá Ìwọ̀n bu yanrìn, ó ní ó ti kúnná jù. Ó ṣa òkúta lójú títì, ó gbé ọ̀kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdókọ̀, ó fà sẹ́yìn, ó mi orí.

"Lójú ẹni tó wà nínú ọkọ̀ mi, òkè ńlá nìyí."

"Ṣé ẹnì kan wà nínú ọkọ̀ yín ni?"

"Ìyá àwọn ọmọ, iṣẹ́ yìí ò yé ọ."

Ìyá Aránṣọ lọ sí ìpàdé àdúrà lọ́jọ́ kejì. Kó tó dé, ọkọ rẹ̀ ti wọ ilé ìdáná, ó ti tú gbogbo orí kọ́bọ́ọ̀dù, ó sì ti rí agolo kan. Ó ṣí i. Hóró dúdú kéékèèké, róbótó róbótó, ló kún inú rẹ̀. Irúgbìn tẹ̀tẹ̀ ni, èyí tí ìyàwó rẹ̀ gbọ̀n pamọ́ de òjò. Ṣùgbọ́n akọ̀wé ìfìwéránṣẹ́ mọ òǹtẹ̀, kò mọ irúgbìn. Ó dà á sí àtẹ́lẹwọ́, ó fi rúlà wọ̀n ọ́n, omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú rẹ̀.

"Ìwọ̀n rẹ̀ gan-an nìyí."

Dúdú rẹ̀ nìkan ni kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó rẹ ẹ́ sínú omi eérú di ọjọ́ kejì kí àwọ̀ òkúta lè mú un. Ó wá fọ́n ọn sí ẹsẹ̀ irin láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Gọ́ọ̀mù tó kù nínú ìgò kò tó nǹkan, ó bu omi là á, ó tún bu omi là á, títí tí gọ́ọ̀mù ọ̀hún kò fi lè lẹ àpò ìwé mọ́ra mọ́. Ó wọ́n ọn lé gbogbo rẹ̀ lórí. Ó fi ọ̀rá bò ó nítorí eruku, ó tan gílóòbù sábẹ́ ọ̀rá kó lè gbẹ.

Ẹ wò ó. Ó rẹ irúgbìn, ó fi eérú ṣe ajílẹ̀, ó bomi rin ín, ó bò ó, ó fún un ní ooru. Àgbẹ̀ tó gbówọ́ jù lọ kò lè ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ.

"Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ṣí i títí ẹgbẹ́ yóò fi dé," ni ó wí. "Èmi gan-an ò ní í ṣí i. Gọ́ọ̀mù kì í fẹ́ àyẹ̀wò." Ó gbé ọkọ̀ ọmọ tó ń yí padà lọ sí pálọ̀, ibẹ̀ ló ti ń fi fáìlì irin ha á kó lè dán. Ṣíì-ṣíì-ṣíì.

Ṣùgbọ́n ìgbálẹ̀ kì í gbàṣẹ. Ìyá Aránṣọ ń gbálẹ̀ yàrá ẹ̀yìn láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó rí i tí ọ̀rá ń làágùn. Ó gbé etí ọ̀rá náà sókè díẹ̀.

Ojú irin ń hù.

Ọmọ ewé tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́ ti yọrí láàárín irin, wọ́n tò bí ọmọ iléèwé. Ó wò ó, ó rántí agolo rẹ̀, inú kọ́kọ́ bí i. Ó ti la ẹnu láti pe ọkọ rẹ̀. Ojú rẹ̀ wá ṣèèṣì lọ síbi fèrèsé. Ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ dára fún iṣẹ́ abẹ́rẹ́. Ilẹ̀kùn yàrá náà sì ń tì gbọn-in.

Ó pa ẹnu dé.

Ó kúnlẹ̀. "Olúwa, ìwọ lo rí ọkàn mi. Èmi kọ́ ni mo gbìn ín. Èmi kọ́ ni mo ní kó hù."

Ó dìde, ó lọ mú ike tí ó fi ń wọ́n omi sáṣọ kó tó lọ̀ ọ́, ó padà wá. Fìṣì. Fìṣì. Fìṣì. Kò jalè, kò parọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ó kàn wọ́n omi. Àárọ̀ kejì, ó tún wọ́n ọn. Nígbà tó yá, bí kò bá tíì wọ́n ọn, oúnjẹ kì í dùn lẹ́nu rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n ń gbàdúrà ìdílé, Ọ̀gá Ìwọ̀n dijú pọ́nkán. "Olúwa, jẹ́ kí iṣẹ́ ọwọ́ mi yọrí lójú gbogbo ayé."

"Àmín," ni ìyàwó rẹ̀ wí, láti ìsàlẹ̀ ikùn. Orí ọkọ rẹ̀ wú. Kò mọ̀ pé ìyàwó òun fẹ́ràn rélùwéè tó bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ pé. Ẹgbẹ́ dé. Bàbá Fèrè ni olórí wọn, arúgbó tó ti wa ọkọ̀ ojú irin gidi títí ó fi fẹ̀yìntì, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n bó bá wúkọ́, ìwọ á yà kúrò lọ́nà. Ilé Onígbàjámọ̀ ni wọ́n ti ń bọ̀, Onígbàjámọ̀ sì tẹ̀ lé wọn, ó ń fi ọwọ́ pa ikùn bí ẹni tó ti jẹun yó. Ìyá Aránṣọ dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àtẹ omi tútù. Nínú ọkàn rẹ̀ ó ti gbé maṣíìnì sábẹ́ fèrèsé, ó ti gbé àpótí aṣọ sí igun.

Ọ̀gá Ìwọ̀n kò tètè ṣí i. Ó kọ́kọ́ wàásù.

"Ẹ̀yin àgbà, ẹ ó rí àwọn kan tó ń ra ayé nínú páálí. Lọ́dọ̀ tèmi, ìwọ̀n ni. Kò sí ohun kan lábẹ́ ọ̀rá yìí tí mi ò mọ gígùn rẹ̀."

Ó di ọ̀rá mú. Ó fà á. Fàààà.

Gbogbo wọn na ọrùn wò ó.

Igbó ni. Tẹ̀tẹ̀ ti bo irin, ó ti wọ ibùdókọ̀, ó ti gba ẹnu ọ̀nà wọlé, ó ti gba fèrèsé jáde. Màlúù bọ́tìnnì ti rì dé ọrùn. Ọgbà òòyà ti fara ti ewé, ó ń wólẹ̀ lọ.

Ẹnu Ọ̀gá Ìwọ̀n ṣí, kò padé. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ti mọ́ ọn lọ́wọ́, ó gbé ọkọ̀ lé irin, ó tẹ bọ́tìnnì iná. Ṣù-kù ṣù-kù, ṣù-kù ṣù-kù, ṣù... kọ́ṣọ́. Ọkọ̀ wọ inú ẹ̀fọ́, ó dúró, ó ń gbọ̀n bí ẹni tí òtútù mú.

Onígbàjámọ̀ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Ẹ gbà mí," ni ó ń wí, "ẹ̀rín ń pa mí. Gígùn èyí náà dà? Ẹ wọ̀n ọ́n fún wa."

Ìyá Aránṣọ gbé ojú sókè ọ̀run díẹ̀. Ó ti ń dúpẹ́.

Bàbá Fèrè wúkọ́. Gbogbo wọn yà. Ó tẹ̀ síwájú, ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé ojú sún mọ́ igbó náà. Nígbà tó dìde, ó ti ṣí fìlà.

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Bàbá?"

"Gbogbo ilé tí mo wọ̀ lónìí, irin ń dán bí awo tuntun. Irọ́ ni. Ta ló rí irin tó ń dán mọ́? Láti ìgbà tí àwọn ìjọba ti ní àwọn fẹ́ tún ọ̀nà wa ṣe, igbó ló ń wọ ọkọ̀. Bí mo bá gba ibẹ̀ kọjá báyìí, ẹni tó ń já ẹ̀fọ́ ni mò ń kí." Ó nawọ́ sí ọkọ̀ tó ń gbọ̀n. "Ó tiẹ̀ tún dúró. Ibi tó dúró sí yẹn gan-an ni tèmi dúró sí."

Ẹnu Ọ̀gá Ìwọ̀n padé. Ọrùn rẹ̀ nà díẹ̀díẹ̀, bí ọrùn ìjàpá tí òjò dá fún.

"Ẹ ṣeun, Bàbá. Mo ro ó pẹ́. Òtítọ́ ni mo fẹ́ sọ."

"Kí lo fi ṣe ewé wọ̀nyí? Ó jọ ojúlówó."

"Àṣírí iṣẹ́ ni, Bàbá."

Onígbàjámọ̀ já ewé kan, ó jẹ ẹ́. "Bàbá, ẹ̀fọ́ ni. Mo ń jẹ ẹ́ lọ́wọ́."

"Ìwọ oní-páálí, pa ẹnu rẹ dé. O ń jẹ iṣẹ́ ọ̀nà."

Wọ́n fún Ọ̀gá Ìwọ̀n ní ipò kìíní. Ẹ̀bùn rẹ̀ sì jẹ́ irin, ìdì ńlá kan tó kún fún irin kéékèèké, kí ó fi mú ọ̀nà rẹ̀ gùn. Kíá ni ó ti yọ rúlà. Ó wọ̀n ọ́n láti orí tábìlì dé ara ògiri, ó kọjá ògiri, ó bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó dúró síwájú maṣíìnì.

"Ibí yìí ni ibùdókọ̀ kejì máa wà. Ìyá àwọn ọmọ, o ò yọ̀ fún mi?"

"Mo yọ̀. Tẹ̀tẹ̀ kì í tẹ́ láwùjọ ẹ̀fọ́." Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀, èyí tó fi ń wọ́n omi láràárọ̀. "Maṣíìnì mi ńkọ́?"

"Ìta ò tíì kún."

Nínú yàrá, Bàbá Fèrè kò tíì kúrò nídìí igbó. Ó ń mi orí bí ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò tíì balẹ̀.

"Ó ku nǹkan kan," ni ó wí. "Nǹkan kan ló kù kí ó tó pé."

Ọ̀gá Ìwọ̀n sáré wọlé. "Kí ni, Bàbá? Ẹ sọ ọ́. Bí mo bá ti mọ ìwọ̀n rẹ̀, màá kàn án."

"Ewúrẹ́. Ní ọ̀nà wa, wọn ò kúrò lójú irin láti àárọ̀ dé alẹ́."

Ìyá Aránṣọ gbé àtẹ sílẹ̀ jẹ́jẹ́.

"Ẹ má jẹ́ kó kàn án, Bàbá. Ọ̀kan ń bẹ níta."

"Ìyá àwọn ọmọ, àwàdà ni Bàbá ń ṣe."

"Òtítọ́ lẹ ní ẹ fẹ́ sọ." Ó ti dé ìta. Wọ́n gbọ́ tó ń tú okùn ewúrẹ́ aládùúgbò.

"Ìwọ̀n rẹ̀ ò bára mu," ni Ọ̀gá Ìwọ̀n ń ké. "Ìyàwó mi, ìwọ̀n rẹ̀ ò bára mu."

Kò-kò-kò-kò, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kò-kò-kò-kò.

Ọkọ̀ tó ń bọ̀ yìí, igbó ò lè dá a dúró.